Bí ọmọ barnacle ṣe ń dán ojú ibi kan wò kó tó lẹ̀ mọ́ ọn títí láé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó ti rí àwọn karahun funfun ṣóńṣó-ṣóńṣó, tí wọ́n ń pè ní barnacle, tó máa ń bo òkúta etí òkun, òpó afárá àti ìdí ọkọ̀ ojú omi, tó sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni ìdáhùn wà, ẹ̀dá kan tí kì í sábà gùn ju mìlímítà kan lọ. Ohun kan ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa wù mí í sọ: ẹ̀yà ara kan náà ló fi ń rìn, tó fi ń tọ́ ojú ibi wò, tó fi ń fi àmì sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì fi ń lẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín bí ẹ ti ń kà á lọ.

Kí ni barnacle gan-an? Ṣé ìbátan ìgbín ni?

Rárá o. Ìbátan edé àti alákàn ni. Karahun líle tó bò ó ló ń tan èèyàn jẹ. Àwọn onímọ̀ pàápàá kà á mọ́ ìgbín àti àwọn ẹbí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, títí John Vaughan Thompson, dókítà ológun kan, fi tẹ ohun tó rí jáde ní 1830. Ó ti mú ọmọ kékeré kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi òkun, tó ní ẹsẹ̀ bíi ti edé, ó sì wò ó títí tó fi bọ́ awọ sílẹ̀ tó di barnacle. Bí ọ̀rọ̀ ìgbín ṣe parí nìyẹn. Charles Darwin náà lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, láti 1846 sí 1854, lórí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá yìí.

Àgbà barnacle kò kúrò lójú kan mọ́. Orí ló fi dúró, orí náà ló sì lẹ̀ mọ́ òkúta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń nà jáde láti ẹnu karahun, tó fi ń gbọn oúnjẹ wínníwínní nínú omi.

Ìgbà wo nínú ayé rẹ̀ ló ń yan ibi tí yóò gbé?

Inú karahun ìyá ni ẹyin ti ń pa. Ọmọ tó jáde ni wọ́n ń pè ní nauplius. Òun ló ń bá ìṣàn omi òkun káàkiri, tó ń jẹ àwọn ohun ọ̀gbìn tíntìntín tó léfòó nínú omi, tó ń bọ́ awọ, tó ń dàgbà. Ìpele mẹ́fà ni nauplius máa ń là kọjá. Lẹ́yìn ìkẹfà, ó tún awọ bọ́, ó sì yí padà pátápátá: ó di cyprid.

Cyprid kì í jẹun rárá. Ọ̀rá tó ti kó pamọ́ sára nígbà tó wà ní nauplius ni yóò máa ná títí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi parí. Iṣẹ́ ọ̀hún kò sì ju ẹyọ kan lọ: kó wá ibi tí yóò gbé.

Kí ló dé tí yíyàn yìí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yàn án. Alákàn tí ibì kan kò bá tẹ́ lọ́rùn lè kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíì. Barnacle tó bá ti lẹ̀, ó ti lẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá lẹ̀ sí ibi tó ga jù, oòrùn yóò gbẹ ẹ́ pa nígbà tí omi òkun bá fà. Bí ó bá lẹ̀ sí ibi tí omi kò ti ń ṣàn, oúnjẹ kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ohun tó ń ṣí dànù, tòun ti ohun náà ni yóò jọ ṣí.

Èyí tó wá gba àròjinlẹ̀ jù ni ti bíbí. Púpọ̀ nínú barnacle jẹ́ akọ-n-dabo, ìyẹn ni pé ẹyọ kan ní ẹ̀yà akọ àti ti abo, ṣùgbọ́n aládùúgbò ni wọ́n sábà máa ń gun. Ẹ̀dá tí kò lè rìn kò lè lọ wá ẹnì kejì rẹ̀ kiri. Ohun tó ní ni ẹ̀yà akọ tó gùn ju ara rẹ̀ lọ fíìfíì, tó lè gùn tó ìlọ́po mẹ́jọ gígùn ara rẹ̀ nínú àwọn irú kan, tó ń nà jáde láti fi wá aládùúgbò. Bí kò bá wá sí aládùúgbò kankan ní ibi tí ẹ̀yà yìí lè dé ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó wà láàyè títí tí yóò fi kú láìbímọ. Nítorí náà, nígbà tí cyprid ń wá ibi tí yóò gbé, kì í ṣe òkúta nìkan ló ń wá. Ó ń wá ara ilé.

Kí ni cyprid fi ń mọ ibi tó wà lára?

Ẹ wò ó báyìí: karahun rírọ̀ alápá méjì ló bò ó, bíi ti ẹ̀wà tó fẹ́ là. Nínú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ méjìlá wà lẹ́yìn, ojú méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú kékeré kan tó kù láti ìgbà nauplius wà láàárín, ìwo méjì sì wà níwájú. Bí ó bá ń lúwẹ̀ẹ́, ó lè fa ìwo méjèèjì wọlé. Bí ó bá kan nǹkan, yóò nà wọ́n jáde.

Ìwo méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Oríkèé mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Oríkèé kìíní àti ìkejì ló ń ṣe bí apá àti ìgúnpá, àwọn ló ń jẹ́ kó lè na ìwo náà tàbí kó ká a. Orí ìkẹta ni àwo pẹlẹbẹ kan wà, èyí tó ń tẹ̀ mọ́ ojú ohun tó bá bà lé. Irun wínníwínní ló bo ojú àwo yìí, wọ́n kéré débi pé maikirosikóòpù tó lágbára gan-an ni a fi ń rí wọn. Ojú àwo yìí kan náà ni ihò àwọn ẹṣẹ́ tó ń ṣe àtè ṣí sí, àárín rẹ̀ ni ihò tí sìmẹ́ńtì ìkẹyìn, àtè tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí láé, ń gbà jáde wà, àwọn irun tó ń mọ̀ bí nǹkan bá kàn wọ́n sì tún wà níbẹ̀. Nǹkan kékeré tí kò tó ìdá kan nínú ogún mìlímítà kan, ó ní bàtà, ó ní ahọ́n, ó ní ọ̀pá àtè.

Oríkèé kẹrin yọ sí ẹ̀gbẹ́ ìkẹta, ó kéré, ó sì kún fún irun ìmọ̀lára gígùn. Bí cyprid bá ń rìn, oríkèé yìí kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ń ju ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ń fọ́n omi kiri, ó ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Lára irun orí rẹ̀, àwọn kan wà tí ìrísí wọn bá ti irun ìgbóòórùn edé àti alákàn mu. Yàtọ̀ sí ti ìwo, ẹ̀yìn karahun rẹ̀ tún ní orísìí márùn-ún ẹ̀yà kékeré tí ihò tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ dá lu, tí àwọn onímọ̀ gbà pé kẹ́míkà inú omi ni wọ́n fi ń mọ̀.

Kí ló máa ń ṣe gan-an nígbà tó bá balẹ̀ sí ojú ibi kan?

Ó máa ń rìn ni, ẹsẹ̀ méjì, lórí ìwo méjèèjì. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti fojú inú rí i: ara rẹ̀ rọ̀ lókè, ìwo ọ̀tún tẹ ilẹ̀, tòsì ṣí kúrò, ó nà síwájú, ó tẹ ilẹ̀, ọ̀tún náà ṣí. Àwọn tó ti ń wo ìrìn yìí láti ọ̀pọ̀ ọdún wá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni ìwákiri gbígbòòrò. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn, ojú ọ̀nà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́, kì í sì í yà púpọ̀. Ó kàn ń mọ irú ibi tí òun wà ni. Bí kò bá rí ohun tó wù ú, yóò tú ìwo, yóò fi ẹsẹ̀ méjìlá náà gbá omi, yóò sì lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ìbẹ̀wò ló ń parí sí ibí yìí.

Bí ibẹ̀ bá dára lójú rẹ̀, ìrìn náà yóò yí padà. Ìṣísẹ̀ kúrú, ó ń yà sọ́tùn-ún sósì, ó ń padà sí ibi tó ti kọjá, kò kúrò lórí ilẹ̀ kékeré kan. Ìwákiri tímọ́tímọ́ nìyí. Ìkẹta ni àyẹ̀wò ìkẹyìn: kò lọ síbì kankan mọ́, ó ń yí lójú kan, ó ń fà sẹ́yìn, ó ń tì síwájú, ó ń tẹ àwo ìwo rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ léraléra níbi kan náà. Ẹ má ṣe rò pé èyí túmọ̀ sí pé ó ti gbà. Títí di ìṣẹ́jú ìkẹyìn yìí, cyprid ṣì lè kọ ibẹ̀, kó sì lọ.

Bí àtè bá mú un mọ́lẹ̀, báwo ló ṣe tún ń ṣí ẹsẹ̀?

Oríṣi àtè méjì ló ní, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má pa wọ́n pọ̀. Èyí tó fi ń rìn jẹ́ ti ìgbà díẹ̀; èkejì ni sìmẹ́ńtì ìkẹyìn, tí a ó dé orí rẹ̀ níwájú. Àwọn ẹṣẹ́ inú ìwo ló ń ṣe é, wọ́n sì ń tú díẹ̀ sójú àwo náà. Irun wínníwínní tó bo àwo máa ń tẹ̀ wọnú gbogbo kòtò àti gegele ojú ilẹ̀, ìfarakanra náà á pọ̀, ìdìmú á sì le. Bí ó bá wá fẹ́ gbé ẹsẹ̀, kì í fà á sókè gbọnrangandan. Etí àwo ló ń ṣí kọ́kọ́, bí ẹni ń ṣí bébà tó lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, agbára tí yóò lò á sì dín kù púpọ̀.

Ìdìmú yìí lágbára tó láti gbà á lọ́wọ́ ìgbì. Ní 1983, A. B. Yule àti Dennis Crisp wọn agbára tó yẹ kí ènìyàn fi fa cyprid kúrò lórí ibi tó ń rìn, wọ́n sì rí i pé agbára náà ń yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó tẹ̀ mọ́ bá ṣe rí. Ìyẹn ni pé bí ẹsẹ̀ ṣe ń dì mú tó lè jẹ́ ara ìròyìn tí cyprid ń gbọ́. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò dì mú dáadáa lónìí, kò ṣeé kọ́lé sí.

Ó tún ku nǹkan kan. Nígbà tí àwo bá ṣí kúrò, gbogbo àtè kì í bá a lọ. Díẹ̀ á kù sílẹ̀. Ní 1984, Graham Walker àti Yule fi aró tó ń kun pròtéènì pa ojú ibi tí cyprid ti rìn kọjá, ipasẹ̀ sì hàn kedere, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ipasẹ̀ roboto tí ojú lásán kò lè rí. Lẹ́yìn náà, maikirosikóòpù oníṣóńṣó, èyí tó ń fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ ojú nǹkan, fi hàn pé okùn pròtéènì tín-ín-rín ló kún inú ipasẹ̀ wọ̀nyí.

Ṣé òótọ́ ni pé ipasẹ̀ yìí ń pe àwọn yòókù wá?

Òótọ́ ni, èyí sì ni apá tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti rí i pé barnacle kì í gbé lóun nìkan. Ibi tí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ ó rí ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kan lè sọ pé omi ló kó wọn jọ. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1950 sí 1953, E. W. Knight-Jones fi àyẹ̀wò hàn pé cyprid fúnra rẹ̀ ló ń yan ibi tí irú rẹ̀ wà: ó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta tí barnacle irú tirẹ̀ ti gbé rí ju òkúta òfìfo lọ, kódà bí àwọn tó gbé ibẹ̀ bá ti kúrò, tó jẹ́ pé ìpìlẹ̀ karahun wọn nìkan ló kù. Kí wá ló ń mọ̀ níbẹ̀?

Crisp àti P. S. Meadows ló tẹ̀lé ìbéèrè náà ní 1962 àti 1963. Wọ́n fún omi ara barnacle àgbà, wọ́n fi pa ojú òkúta pẹlẹbẹ, wọ́n sì fọ̀ ọ́. Cyprid wá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí wọ́n kàn da omi ara yẹn sínú omi tí cyprid wà, tí wọn kò fi pa ilẹ̀, kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dájú nígbà náà pé kì í ṣe òórùn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá ló jẹ́ olórí àmì. Ohun kan tó ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ni, cyprid sì gbọ́dọ̀ fi ìwo rẹ̀ kàn án kó tó mọ̀ ọ́n. Títọ́wò ni, tí ẹsẹ̀ ń tọ́.

Ìgbà tó di 1998 ni Kiyotaka Matsumura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan yọ ohun náà sọ́tọ̀ láti ara irú kan tí à ń pè ní Amphibalanus amphitrite. Pròtéènì ńlá kan ni, tí ṣúgà so mọ́, tó ní abala mẹ́ta. Orúkọ tí wọ́n fún un ní ìkékúrú ni SIPC. Ní 2006, Catherine Dreanno àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ka àkójọ rẹ̀ láti inú jíìnì, wọ́n sì rí i pé ó jọ pròtéènì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, alpha-2-macroglobulin, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti dá àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé pròtéènì dúró. Mi ò ní yé ṣe hàà sí èyí: pròtéènì tó ń gbèjà nínú ẹ̀jẹ̀ àwa, ìbátan rẹ̀ ló ń sọ fún ọmọ barnacle pé “ibí ni àwọn tìrẹ wà.”

SIPC yìí wà lára karahun àgbà. Wọ́n sì rí i nínú ipasẹ̀ cyprid náà. Nítorí náà, cyprid tó bá rìn kọjá lórí òkúta, kódà tí kò bá dúró, ti kọ nǹkan sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn àyẹ̀wò fi hàn pé cyprid máa ń lẹ̀ sí ibi tí ipasẹ̀ àwọn mìíràn wà ju ibi tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí lọ. Bí ìròyìn náà ṣe ń pọ̀ ni ó túbọ̀ ń fa èrò, bí ilẹ̀ kan ṣe ń di àdúgbò nìyẹn kí onílé àkọ́kọ́ tó kọ́lé.

Ṣùgbọ́n wọn kì í gun ara wọn lórí. Crisp tún ṣàkíyèsí ní 1961 pé cyprid máa ń fi àyè kékeré sílẹ̀ láàárín òun àti ẹni tó ti lẹ̀ ṣáájú, kí àyè ìdàgbà lè wà. Ìgbà tí èrò bá pọ̀ jù ni àyè yìí máa ń fún.

Omi nìkan ńkọ́? Ṣé kò sí ohun tó ń gbọ́ láti òkèèrè?

Ó wà. Barnacle àgbà ń tú àwọn pròtéènì àti ègé pròtéènì kéékèèké sínú omi tó yí i ká. Dan Rittschof àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí àwọn ègé yìí ní Amẹ́ríkà. Bí cyprid bá bá wọn pàdé, ó máa ń sún mọ́ ilẹ̀, ìwákiri rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Lójú tèmi, ti omi ni ìpè, ti ilẹ̀ ni ẹ̀rí. Ìpè lè mú un wá, ẹ̀rí ló ń mú un dúró.

Ṣé ó ń ríran?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń lo ojú rẹ̀. Ó mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn, ó ń fi mọ bó ṣe jìn tó nínú omi, àwọ̀ ojú ilẹ̀ sì kàn án nínú àwọn irú kan. Matsumura àti Pei-Yuan Qian fi hàn ní 2014 pé karahun Amphibalanus amphitrite ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i, pé ìyẹn sì wà lára ohun tí cyprid ń rí tó fi ń sún mọ́ ibi tí àwọn àgbà wà. Lẹ́yìn tó bá lẹ̀ tán, ojú ńlá méjèèjì yìí yóò bọ́ dànù pẹ̀lú awọ rẹ̀.

Irú ojú ilẹ̀ wo ló fẹ́?

Èyí tó rí gbágungbàgun díẹ̀. Kòtò àti ihò tó gba ara rẹ̀ dùn mọ́ ọn, nítorí ibẹ̀ ni ìgbì kì í ti í gbá a dáadáa. Crisp àti Harold Barnes kọ nípa èyí ní 1954: bí cyprid bá rí ihò tóóró gígùn, inú rẹ̀ ló ń lẹ̀ sí, tí yóò sì to ara rẹ̀ mọ́ gígùn ihò náà. Àmọ́ bí gegele bá kéré ju àwo ìwo rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ á yí padà, nítorí àwo náà kò ní rí ibi tẹ̀ mọ́ dáadáa. Ìwọ̀n ṣe pàtàkì níbí yìí ju bí ojú ilẹ̀ ṣe le lọ.

Ìṣàn omi náà ń kópa. Ó fẹ́ omi tó ń ṣàn níwọ̀nba, èyí tó lè gbé oúnjẹ wá fún un lẹ́yìnwá ọ̀la. Omi tó yára jù kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀.

Bakitéríà wá ńkọ́? Ohunkóhun tí a bá jù sínú òkun, láàárín wákàtí díẹ̀, awọ fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ̀ ti bò ó, bakitéríà àti àwọn ẹ̀dá tíntìntín mìíràn ló ń gbé inú rẹ̀. Cyprid kì í sábà tẹ òkúta gan-an, awọ yìí ló ń tẹ̀. Àwọn bakitéríà kan ń fà á mọ́ra, àwọn kan ń lé e. Awọ tó dàgbà kì í sọ ohun kan náà pẹ̀lú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Irú bakitéríà tó wà níbi tí omi ti ń kún tó ń fà yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ omi, èyí sì lè jẹ́ kí cyprid mọ ibi tí òun wà sí ibi tí omi ń dé. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá ń dán ojú ilẹ̀ mímọ́ tónítóní wò nínú ilé àyẹ̀wò kò tíì dán ohun tí cyprid ń bá pàdé nínú òkun wò.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn?

Yóò máa wá kiri, ọ̀rá ara rẹ̀ yóò sì máa tán. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí irú rẹ̀ àti bí omi ṣe tutù tó. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, àṣàyàn rẹ̀ á máa dín kù: ibi tí ì bá kọ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó lè gbà á lọ́jọ́ kẹwàá. Èyí tó bá sì pẹ́ jù kó tó lẹ̀, ọ̀rá tó kù lára rẹ̀ lè má tó láti fi yí padà di àgbà, tàbí kó yí padà kó má dàgbà dáadáa.

Ó ti pinnu. Kí ló kàn?

Sìmẹ́ńtì. Ẹṣẹ́ méjì wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ tó ti kó èyí pamọ́ láti ìgbà tó ti di cyprid. Yóò tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gba inú ìwo méjèèjì jáde sójú àwo, ó sì bo àwo náà mọ́lẹ̀. Ìṣòro ńlá tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lẹ nǹkan nínú omi máa ń ní ni omi fúnra rẹ̀: ó ti wà láàárín àtè àti ilẹ̀ kí àtè tó dé. Ní 2014, Neeraj Gohad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn bí cyprid ṣe ń ṣe é. Ọ̀rá ló kọ́kọ́ ń jáde, ó ń ti omi kúrò lójú ilẹ̀. Pròtéènì tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló tẹ̀lé e, òun ló sì ń gan.

Láti ìgbà yẹn, ìwo tó fi rìn ti di gbòǹgbò. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí nǹkan bí ọjọ́ kan nínú àwọn irú tí wọ́n sábà ń fi ṣe àyẹ̀wò, ó ti bọ́ karahun alápá méjì, ara rẹ̀ yí padà, ẹsẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ ìgbọnjẹ, karahun líle sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yí i ká.

Ṣé òkúta nìkan ni wọ́n ń yàn?

Rárá. Àwọn irú kan wà tí ẹ̀dá alààyè ni ilé wọn. Coronula diadema ń gbé lára àbùùbùtán. Ní Japan, àyẹ̀wò kan tó jáde ní 2006 fi hàn pé cyprid rẹ̀ lẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ẹran awọ àbùùbùtán sínú omi tó wà. Chelonibia testudinaria ń gbé lẹ́yìn ìjàpá òkun. Sacculina le jù: cyprid abo rẹ̀ ń bà lé alákàn, ó ń sọ ara rẹ̀ di nǹkan oníṣóńṣó, ó sì ń ti ara rẹ̀ wọnú alákàn náà, níbi tí yóò ti máa jẹ ẹ́ láti inú wá. Ìwo kan náà ni gbogbo wọn fi ń wá ilé. Ohun tí ìwo náà ń retí láti tọ́ ló yàtọ̀.

Kí ni èyí kan àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe?

Ó kàn wọ́n gan-an. Barnacle tó bo ìdí ọkọ̀ ń mú kí ara ọkọ̀ rí gbágungbàgun, ọkọ̀ á máa jà pẹ̀lú omi, epo tó ń jó á sì pọ̀ sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, májèlé ni wọ́n fi ń dáhùn. Ọ̀dà tó ní TBT (tributyltin, kẹ́míkà olóró kan) gbajúmọ̀ láti àwọn ọdún 1960, ó sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ba ayé àwọn ẹ̀dá mìíràn jẹ́: abo ìgbín òkun bẹ̀rẹ̀ sí í hù ẹ̀yà akọ, ìran wọn sì ń run ní èbúté púpọ̀. IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ṣe àdéhùn láti fòfin dè é ní 2001, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 17 oṣù kẹsàn-án 2008. Ọ̀dà oníbàbà ló gba ipò rẹ̀ jù lọ, bàbà náà sì ní wàhálà tirẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ó sàn kí a bá ìpinnu cyprid sọ̀rọ̀ ju kí a pa á lọ. A ti rí i pé títí di ìṣẹ́jú ìkẹyìn, ó ṣì lè kọ ibì kan. Kí ló dé tí a kò fi ní ràn án lọ́wọ́ láti kọ̀? Ní Sweden, àwọn onímọ̀ rí i pé medetomidine, oògùn tí àwọn dókítà ẹran fi ń mú ẹranko fara balẹ̀, ń ṣe òdìkejì lára cyprid: ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá kíkankíkan, kò ní lè dúró, á sì lúwẹ̀ẹ́ lọ láàyè. Wọ́n ti ń fi sínú ọ̀dà ọkọ̀ báyìí. Ọ̀dà oní-silicone gba ọ̀nà mìíràn: kò lé cyprid, ṣùgbọ́n ìdìmú ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn kò le, omi sì lè gbá a dànù nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Àwọn mìíràn ń ṣe ojú ilẹ̀ tí gegele rẹ̀ kéré ju ohun tí àwo ìwo lè fara mọ́ lọ.

Ọkọ̀ tó dúró àti èyí tó ń rìn, èwo ló ń kó barnacle jù?

Èyí tó dúró. Lára ọkọ̀ tó ń sáré, omi ń kọjá pẹ̀lú agbára tí ìwo kò lè dúró sí láti rìn, ká má tíì sọ ti àyẹ̀wò tímọ́tímọ́. Èbúté ni àyè ti ń ṣí sílẹ̀ fún un, pàápàá bí ọkọ̀ bá pẹ́ níbẹ̀ nígbà tí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí cyprid sì pọ̀. Èyí tó bá ti da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra ti lẹ̀ nìyẹn. Ìrìn àjò kì í sábà ṣí i mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọkọ̀ òun yóò dúró pẹ́, àsìkò yẹn gan-an ló yẹ kó máa yẹ ìdí rẹ̀ wò, kó fọ̀ ọ́ nígbà tí ohun tó lẹ̀ ṣì kéré, kí karahun líle tó yọ.